Ọmọ mi ní kí n má jó mọ́: ibo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ orin àti ijó pẹ̀lú ọmọ kékeré ní Àbújá?

Ìyá Kubwa béèrè:

Ẹ̀yin ará ilé, Kubwa ni mò ń gbé, ọmọ méjì ni mo bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 5, èkejì ọdún 3. Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi. Bàbá mi kì í pa rédíò, ìyá mi kì í gbọ́ ìlù kó lè jókòó. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tèmi náà ní in lára, ṣùgbọ́n fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀. Lánàá mo fi orin sí i, mo dìde, mo ń jó ní pálọ̀. Èyí àgbà fi ọwọ́ bojú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ó tó." Ojú tì mí débi pé mo lọ ń fọ abọ́. Bàbá wọn ní orin ayé ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ òun. Lánlọ́ọ̀dù ti kìlọ̀ ariwo lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí kan ní kí n ra kíbọ́ọ̀dù, òmíràn ní kí n fi wọ́n sí kíláàsì orin ní Wuse. Èwo ni kí n ṣe? Àbí ọmọ Àbújá kì í ṣe ọmọ ijó ni?

---

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kíbọ́ọ̀dù tí mo rà fún Àjọkẹ́ nígbà tó pé ọdún 3 ṣì wà lórí wọ́dúróòbù wa, bọ́tìnnì mẹ́rin ti yọ lára rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń fi í ṣe ni pé á tẹ ibì kan, ẹ̀rọ náà á máa dá lu ìlù fúnra rẹ̀, òun á dúró tì í, á máa wò ó. Kíláàsì ò burú, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 3 tí wọ́n gbé láti Kubwa dé Wuse nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, oorun ni yóò bá dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ó tó" yẹn ni kí á kọ́kọ́ yanjú. Ọmọ yẹn ò kórìíra ijó. Kò rí yín kí ẹ jó rí ni. Ẹ ti jọ wà fún ọdún 5, ẹ kàn ṣàdédé dìde lọ́jọ́ kan, ẹ ń mi èjìká, ṣé kò ní bojú? Tèmi sá lọ sẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ní kó máa bọ̀, ó bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kejì n kò pè é. Mo kàn ń jó tèmi lọ, mo kọjú sí ògiri bí ẹni tó níṣẹ́ tó ń ṣe. Ó tó ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún kó tó wá di ṣòkòtò mi mú láti ẹ̀yìn. Ó gun orí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, a sì jọ ń rìn káàkiri pálọ̀ bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, ẹni tó máa lé e kúrò níbi ijó ló kù tí a ń wá.

Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni àkókò tiwa. Tẹlifíṣọ̀n ti kú, bátìrì fóònù ti ń lọ sílẹ̀, ẹ kò ní bá ọmọ jà lórí ohunkóhun. A óò gbé korobá ìfọṣọ, a óò dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹnìkan á máa lù, àwọn yòókù á máa jó nínú òkùnkùn. Kí aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀, a ti jó ìṣẹ́jú 15.

---

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Mo rí ẹni tó kọ ọ́ pé orin Mozart, olórin òyìnbó ayé àtijọ́, ni kí aboyún máa gbọ́ kí ọpọlọ ọmọ lè jí pépé. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá. Lọ́dún 1993, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì kan ní California fi orin Mozart sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní ìdánwò lórí bébà tí a ká, tí a gé, kí wọ́n fi ojú inú sọ bí yóò ṣe rí tí a bá tú u. Wọ́n ṣe é dáadáa díẹ̀ ju ìgbà tí wọn kò gbọ́ orin náà lọ. Kò sì pé ìṣẹ́jú 15 tí àǹfààní náà fi pòórá. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì o, kì í ṣe ọmọ ọwọ́! Ṣùgbọ́n kí ìròyìn náà tó rìn dé ọjà, ó ti di pé ọmọ inú oyún ni orin ń sọ di ọlọ́gbọ́n. Ní 1998, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ béèrè owó ìjọba kí wọ́n lè fún gbogbo ọmọ tuntun ní irú orin bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fọkàn tán jù ni ìwádìí 1980. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 3 láyé ni wọ́n fi ọmú rọ́bà sí lẹ́nu. Bí ọmọ bá fà á lọ́nà kan, ohùn ìyá rẹ̀ ni yóò gbọ́. Bó bá fà á lọ́nà mìíràn, ohùn obìnrin àjèjì. Ohùn ìyá ni wọ́n ń fà á láti gbọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin aboyún tó wà níbí, ẹ fi ẹnu ara yín kọrin, bó ti wù kí ohùn yín há tó. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ẹ ò mọ orin kọ.

---

Ìyá Ìbejì, Nyanya:

Bàbá Àjọkẹ́, ẹ má fi ayé àtijọ́ yọ wá lẹ́nu. Inú fóònù ni àwọn ìbejì mi ti kọ́ gbogbo ijó tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n jó jù mí lọ. Nígbà tí mo bá ń dáná, ta ni kó wá bá wọn jó?

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ẹni tó ń dá ìbejì tọ́, tó tún ń dáná, n kò lè fi ìwé bá a jiyàn. Síbẹ̀, ṣé ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́ wa? Láyé àtijọ́, ìyá ìbejì ló ń jó kiri ọjà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń ta wọ́n lọ́rẹ.

Mo gbà pé fídíò ń kọ́ ọmọ ní ẹsẹ̀ ijó. Ọmọ ọdún 7 lè wò ó, kó sì ṣe é. Ọmọ ọdún 2 ńkọ́? Ẹ wo ojú rẹ̀ níwájú fóònù: ẹnu á là sílẹ̀, ara á dúró gbagidi, orin mẹ́ta á kọjá kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀, ara ọmọ kékeré kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun kó tó mì. Ní 2010 àwọn olùwádìí kan wo ọmọ 120, láti oṣù 5 sí oṣù 24, wọ́n ń fi orin, ìró ìlù àti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán sétí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orin àti ìlù ni ara wọn ń mì sí ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, èyí tí mímì rẹ̀ bá sì bá ìlù mu jù ló ń rẹ́rìn-ín jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ojú ẹ̀rọ rárá, kí ti ọdún 2 sí 4 má kọjá wákàtí kan lójúmọ́, àti pé kí ọmọ ọdún 1 sí 4 fi wákàtí 3 ó kéré tán lo ara rẹ̀ láàárín ọjọ́. Ijó wà nínú wákàtí 3 yẹn.

Ohun tí à ń ṣe nílé wa nìyí: a óò tan fídíò náà, a óò wá dojú fóònù délẹ̀ sórí tábìlì. Orin ń bọ̀, àwòrán ò sí. Àkànní, ọmọ mi ọkùnrin, ti dá ijó kan sílẹ̀ lọ́nà yìí tí a ń pè ní ijó akàn. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fi rìn, ó ń fi ìka gé afẹ́fẹ́. Kò sí i nínú fídíò kankan.

Tí ẹ bá ń dáná, ẹ fún wọn ní ìkòkò tó ti jò àti ṣíbí onígi. Ẹni tí ẹ bá pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí ẹ ń lọ ata, òun náà ti ń jó.

---

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Ó yá, ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tèmi ti kan ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó ronú bi í pé kí ló ń gbọ́ gan-an. Ìsàlẹ̀ wa ló ń gbé. Bàbá náà ní, "Èmi ò gbọ́ orin o. Àjà mi ló ń gbọ̀n." Àṣé bàsì ló ń dà á láàmú, àti ẹsẹ̀ wa! Sípíkà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fara ti ògiri, gbogbo ilé ti di ìlù. Mo gbé e sórí tìmùtìmù, mo fà á kúrò lára ògiri, mo dín bàsì kù, mo tẹ́ fóòmù àtijọ́ kan sábẹ́ ẹní, gbogbo wa bọ́ bàtà. Kò tún kan ilẹ̀kùn mọ́. Ìyá Kubwa, ẹ bi lánlọ́ọ̀dù yín ní ohun tó ń gbọ́ kí ẹ tó pa orin.

Àkókò náà ní tirẹ̀. Mọ́ṣáláṣí wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, a kì í lu ohunkóhun nígbà ìrun. Lẹ́yìn aago 8 alẹ́, ẹnu nìkan la fi ń kọrin. Bí ara bá ń yún wọn ní Sátidé, a óò kó wọn lọ sí Millennium Park ní Maitama. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé lábẹ́ wa.

Mo sì ti rí i pé aládùúgbò tí ọmọ rẹ̀ wà níbi ijó kì í fi ariwo sùn yín. Ẹni tó béèrè bóyá ọmọ Àbújá kì í ṣe ọmọ ijó, kó wá wo kọ́ńpáùndì wa lálẹ́ tí òṣùpá bá yọ. Àwọn ọmọbìnrin Háúsá tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n kọ́ Àjọkẹ́ ní gaɗa: àtẹ́wọ́, orin ìpè-àti-ìdáhùn, ẹnìkan á bọ́ sí àárín, á jó, á da ara rẹ̀ sẹ́yìn, àwọn yòókù á gbá a mú, wọ́n á jù ú padà. Dandali ni wọ́n ń pe ibi eré òṣùpá náà. Ìyàwó mi rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kígbe pé ọmọ òun máa fọ́ orí. Kò fọ́ orí. Ohun tí gaɗa kọ́ ọ tí n kò lè kọ́ ọ ni kó gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ẹlòmíràn láìwo ẹ̀yìn.

Ọ̀kan tó dùn mí nìyí. Ìgbéyàwó kan la lọ ní gbọ̀ngàn kan ní Gwarinpa, Àkànní ò tíì pé ọdún méjì. Ìdí sípíkà ńlá ni wọ́n fún wa ní tábìlì. Ó sùn lọ, mo ní, "Ẹ wò ó, orin ti wọ̀ ọ́ lára." Nígbà tó jí, etí ló ń fà, ó ń sunkún. Fún ọjọ́ méjì, a óò pè é láti ẹ̀yìn, kò ní yíjú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní yóò lọ, ó sì lọ, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ọjọ́ méjì yẹn. Decibel ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó; ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún àgbà tó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ orin ni decibel 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ti ọmọdé, 75. Bí ohùn bá sì fi decibel 3 péré lọ sókè, àkókò tó yẹ kí ẹ fi gbọ́ ọ ti di ìdajì nìyẹn. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ ọ́n lóde àríyá: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ọmọdé. Ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń bu oúnjẹ, ni à ń jókòó báyìí. Ẹran máa ń yá débẹ̀ pàápàá.

---

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Ẹni tó béèrè nípa owó níná fún ọmọ tó ń jó: èmi ò fẹ́ ẹ. Ìyá mi lẹ ₦200 mọ́ Àkànní níwájú orí níbi ìsọmọlórúkọ kan. Oṣù mẹ́ta gbáko lẹ́yìn náà, bó bá jó tán, ó na ọwọ́ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 tó ka owó níná sí ẹ̀ṣẹ̀ wà: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Kí ìyá àgbà fi bísíkíìtì yẹ́ ẹ sí.

---

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Lórí ọkọ Ìyá Kubwa àti orin ayé, mo ti ka èsì yín. Ẹ̀gbọ́n kan láti Karu ní kò sí orin tó ń jẹ́ ti ayé, pé ẹni tó ń kọ ọ́ ló ní ọ̀run tàbí ayé nínú. Ẹlòmíràn ní ìlù ni Èṣù ń bá wọlé. Àwọn Mùsùlùmí méjì ń bá ara wọn jà lórí bóyá ohun èlò orin kankan tilẹ̀ bójú mu. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ obìnrin yìí kò sí níbí, òun ló sì máa sùn sí ilé yẹn lálẹ́ òní. Ẹ má dìhámọ́ra fún ìyàwó rẹ̀.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: ìlà tí à ń fà láàárín orin ẹ̀sìn àti orin àríyá kò gún tó bí a ṣe rò. Wéré ni wọ́n ń kọ láti jí Mùsùlùmí fún sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì. Inú wéré yẹn ni Síkírù Àyìndé Barrister àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fa fújì yọ. Òní, ẹni tó gbọ́ fújì kì í rántí sààrì.

Ìyá Kubwa, ẹ fi èyí tí wọ́n ń jà lé lórí sílẹ̀ ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oríkì. Ẹ ki ọmọ yín láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi ìpara pa á lára, ẹ fà á gùn, ẹ jẹ́ kó ní ohùn. Mi ò tíì rí bàbá tó ní kí wọ́n má ki ọmọ òun. Bí ẹ bá fi ti bàbá náà kún un, yóò tún jókòó gbọ́. Lẹ́yìn oríkì, àlọ́ àpagbè. Ìjàpá tún ti dáràn, orin ti wọ inú ìtàn, ẹ̀yin dá a, àwọn gbè é. Níbi ègbè yẹn, ẹ dìde. Ẹ má sọ pé ijó ni. Ẹ sọ pé Ìjàpá ló ń rìn.

---

Ẹnìkan láti Mararaba:

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ọdún 4 kọ orin ìgboro kan níwájú pásítọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìdí àti bàdí tó wà níbẹ̀ ló pè, tónítóní. Kí ni mo lè ṣe?

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Àbúrò, ṣé ẹ rẹ́rìn-ín? Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ó ti parí, yóò tún un kọ. Àwa rẹ́rìn-ín ní tiwa. Níwájú ìyá ìyàwó mi ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, olùkọ́ rẹ̀ ti pè wá. Ẹ má nà án o; kò mọ ohun tó ń wí, adùn inú rẹ̀ ló gbọ́. Ẹ má sì ṣe bí ẹni pé ẹ lè dí etí rẹ̀ ní ìlú tí gbogbo kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń kọrin. Ohun tó gbà wá ni pé a mú ohùn orin náà, a fi ọ̀rọ̀ mìíràn sí i. Ibi tí wọ́n ti ń pe ìdí, a fi iyán síbẹ̀. Iyán ló ń mì báyìí, iyán ló ń yí. Àkànní gbà pé ìyẹn gan-an ni orin náà, ó sì máa ń bá rédíò jiyàn pé irọ́ ló ń kọ.

---

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Ọ̀pọ̀ èsì tó wà níbí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé eré nìkan ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ Yorùbá ní Àbújá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé ìwé, Háúsá ni wọ́n ń sọ ní kọ́ńpáùndì, àwa òbí tún ń dà á pọ̀ mọ́ra wọn nílé. Nígbà tí Àjọkẹ́ wà ní ọdún 4, ó gbé fóònù bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ní Ọ̀ṣun, ó ní, "Ọkọ Dádì ti bàjẹ́." Ìyá mi dákẹ́. Ó ní, "Ta ni ọkọ Dádì?" Ọkọ̀ ni ọmọ ń sọ o. Ó mọ ọ̀rọ̀, kò mọ ohùn.

Atúnṣe ìwé kò ràn án. Mo gbé ìgò mẹ́ta, mo bu omi sí wọn: èyí tó kún ni dò, èyí tó dé àárín ni re, èyí tí omi rẹ̀ kéré ni mí. Ṣíbí la fi ń lù wọ́n. Ó gba pé kí ẹ máa bu omi kún un, kí ẹ máa dà á dànù, títí etí yín á fi gbà. Ọkọ: re re. Ọkọ̀: re dò. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko: re mí. Ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù: dò dò. Mo lù, wọ́n sọ èyí tó jẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ló ń lù, èmi ló ń ṣìnà.

Orúkọ Àjọkẹ́ fúnra rẹ̀ ni dò re mí, ẹ wo oríire! Kò sí ọjọ́ tí kò lù ú. Wàhálà dé sórí àwọn méjì yòókù. Àkànní: dò dò mí. Àṣàkẹ́, àbíkẹ́yìn wa tó pé oṣù 18: dò dò mí. Bí ìgò bá ti pe ọ̀kan, Àkànní á ní òun ni wọ́n pè, á ti àbúrò rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà láti ṣàlàyé fún wọn ìdí tí onílù kì í fi í pe orúkọ nìkan: orúkọ ẹni méjì lè jọra lẹ́nu ìlù, nítorí náà yóò na oríkì náà gùn, yóò fi ti ìdílé kún un, títí kò fi ní sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́ ẹ. Báyìí, Àkànní ní ìlà tirẹ̀, gígùn rẹ̀ kọjá ti ẹnikẹ́ni nínú ilé. Òun ló ní kó gùn.

Ẹ ṣọ́ orin tí ẹ óò fi kọ́ wọn. Orin tí wọ́n tú láti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá há sínú ohùn òyìnbó, máa ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu. Àwọn orin ìsìn àtijọ́ kún fún un; àgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ lè tún un ṣe lọ́kàn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ò lè ṣe é.

---

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Ẹni mẹ́ta ti béèrè nípa gángan fún ọmọ ọdún 4. Apá ọmọ ọdún 4 ò ká a. Ẹ ní láti há a mọ́ abíyá, kí ẹ máa fi apá fún ọṣán kí ohùn lè máa lọ sókè sódò, kí ọwọ́ kejì sì máa fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ. Ìyàwó mi, ilé Àyàn ni wọ́n ti bí i. Ó ní nílé àwọn, ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìyáàlù. Ìdí ìlù kékeré tó ń sọ ohun kan náà láìyẹsẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, irú gúdúgúdú, títí ara á fi mọ ìgbà. Nílé wa, korobá ni gúdúgúdú.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dára fún ọmọ tí kò fẹ́ jó. Àkànní kò jó níwájú àlejò títí ó fi pé ọdún 3, àwọn èèyàn ń dà á láàmú, "Jó fún wa, jó fún wa." Mo fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó di òṣìṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ okùn rẹ̀ wò dáadáa. Tiwa já, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n káàkiri pálọ̀, ẹnu Àṣàkẹ́ la ti yọ ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ike ẹlẹ́nu dídè tí ẹ bu ẹ̀wà sí ni kí ẹ fún un, kí ẹ fi téèpù wé ẹnu rẹ̀ pa.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ra gángan fún ara yín, Ọ̀yọ́ ni a ti ra tiwa. Mo gbé e dé kọ́ńpáùndì, bàbá àgbà Háúsá tó ń ṣọ́ géètì dìde, ó ní, "Ai, wannan kalangu ne," pé kalangu, gángan tiwọn, nìyí. Ó gbà á, ó há a mọ́ abíyá, ó lù ú, ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Àwọn ọmọ mi rò pé ó ti jí ìlù wa. Mo sọ fún wọn pé gòjé tí wọ́n ń gbọ́ nínú orin sákárà, ọ̀dọ̀ Háúsá ló ti wá, goge ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Àjọkẹ́ ní, "Nígbà náà, a ti san án padà."

---

Ìyá Kubwa:

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọjú sí ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí kékeré ti dara pọ̀. Èyí àgbà ṣì jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n ó bi mí lánàá pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní jó lónìí ni?" Bàbá wọn ò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n tún oríkì òun kì, pé mo fo ibì kan.

Bàbá Àjọkẹ́, Lugbe:

Ẹ má pe èyí àgbà o. Ẹ má tíì wò ó. Ó kù bí ọjọ́ méjì.

N ó dáhùn ti ẹni tó béèrè nípa ijó ọ̀gbẹ́ni olùkọ́ níbi ìparí ọdún ilé ìwé tó bá yá. Wọ́n ti mú iná lọ níbí. Àṣàkẹ́ ti gbé korobá dé ẹnu ọ̀nà, omi ṣì wà nínú rẹ̀.